Bàtà Ọkọ Ìyàwó Inú Kànga

Ṣọ́ọ̀bù Aránbàtà,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ ẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ẹ́ ńkọ́, àbí o ṣì ń fi bàtà gogoro jẹ ẹ́ níyà? Ara tèmi le. Òòlu nìkan ló gún mi lọ́wọ́ lánàá, a sì ti parí ìjà.

Ṣó o rántí ìtàn ọkọ ìyàwó tí Ìyá Àgbà máa ń sọ fún wa? Ẹni tó wọ bàtà tuntun, tó ń yan fanda, tó rin ẹsẹ̀ méje kúrò nídìí igi ọsàn, tó já sínú kànga? Ẹ̀rín la máa ń fi í rín.

Ẹ̀gbọ́n wa fẹ́ gbé táńkì omi ńlá sẹ́yìn ilé Ìyá Àgbà, lábẹ́ fèrèsé ibi táwọn ọmọ Ẹ̀gbọ́n ń sùn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró ná o, kànga wà níbí." Wọ́n ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní Ìyá Àgbà ni.

"Nínú àlọ́?"

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín títí ṣọ́bìrì fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé kí n lọ pe ìjàpá wá kó wá jẹ́rìí?"

Mo fárígá. Wọ́n bá mú téèpù, wọ́n wọn ẹsẹ̀ méje láti ìdí kùkùté igi ọsàn tó wà níbẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀ ibẹ̀ le ju orí mi lọ, o sì mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe kékeré. Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní Ọ̀gá Àlọ́.

Lọ́jọ́ kejì, bàtà ni mò ń lẹ̀ tó fi sọ sí mi lọ́kàn: Ìyá Àgbà ò mọ téèpù rí! Tí wọ́n bá dé ibi ẹsẹ̀ méje, ṣe ni wọ́n máa ń dìde, wọ́n á ká aṣọ sókè, wọ́n á máa rìn gbàgà-gbàgà yí yàrá ká bí ọkùnrin. Ìṣísẹ̀ ni! Àṣé ìtàn ò sí lẹ́nu nìkan, ó wà lẹ́sẹ̀ náà.

Mo fi bàtà oníbàtà sílẹ̀, mo sáré lọ. Mo ka ìṣísẹ̀ méje, ó bọ́ sí ojú ibi tí wọ́n fẹ́ gbé táńkì sí gan-an. Bíríkìlà yọ ṣùtì ètè sí mi, ó gbẹ́ ẹ. Ṣọ́bìrì kẹrin, a gbọ́ "kòó." Pákó tí wọ́n fi bo ẹnu kànga ni. Ó fi irin gún un, pákó já, òkúta kan bọ́ sínú ihò. A dúró títí ká tó gbọ́ ìró ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa wo fèrèsé àwọn ọmọ wọn, wọ́n rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ti gbé táńkì lọ sí apá kejì báyìí. Bíríkìlà ò sì fi "Àlọ́" kún "Ọ̀gá" mi mọ́.

Gbọ́ èyí tó kù. Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrẹ̀ jáde nínú kànga, bàtà ọkùnrin kan bá a jáde, ẹsẹ̀ kan péré. Mo yí ìdí ẹ̀ wò. Ìṣó mẹ́ta, wọ́n tò bí ààrò. Àbúrò mi, ta ló ń kan ìṣó báyẹn? Bàbá Àgbà ló fi kọ́ bàbá wa, bàbá wa ló fi kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kàn án títí dòní. Ọkọ ìyàwó tá a ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ látìgbà tá a wà lọ́mọdé, Bàbá Àgbà ni!

Bá mi kí ọkọ ẹ, kó o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Jọ̀ọ́, kọ gbogbo ìtàn Ìyá Àgbà tó o bá rántí ránṣẹ́, torí èmi máa ń sùn lọ kó tó parí. Ẹ̀gbọ́n wa ní àwọn ò ní gbẹ́ ilẹ̀ kankan mọ́ láìkọ́kọ́ gbọ́ ìtàn. Sì bá mi ro eléyìí dáadáa: tí Ìyá Àgbà bá ń sọ ìtàn yẹn, wọ́n máa ń bú sẹ́rìn-ín kí ọkọ ìyàwó tó dé ẹnu kànga. Ṣé ṣíṣubú ló ṣubú ni, àbí ẹnì kan tì í?

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹ tí àlọ́ dá láre,
Aránbàtà.