Ẹran Òkun Tó Ba Ìyá Bùnmi Lórúkọ Jẹ́

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Fọlá Agoro. Mo kí Bàbá, mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Súlè àti ìyàwó wọn. Ṣé ọyẹ́ Ìṣẹ́yìn ò mú yín jù? Níbí, ooru ló ń bá wa fínra. Ara mi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ síta, kí ẹlòmíràn náà lè kà á.

Ẹ rántí Ìyá Bùnmi tó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, tó gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Èkó tí n kò mọ ẹnì kankan. Lóṣù tó kọjá, ọkọ wọn lọ dẹ àwọ̀n sí apá ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun. Nígbà tí wọ́n fà á sókè, nǹkan kan wà láàárín ẹja, ó rọ̀ bí ìgbín tí a yọ kúrò nínú ìkarahun. Bí wọ́n ṣe fọwọ́ kàn án báyìí, ló bá tú omi elésè àlùkò jáde, ó kun gbogbo ẹja inú ọkọ̀.

Ìyá Bùnmi fọ ẹja náà, wọ́n yan án, wọ́n tà á. Lọ́jọ́ kejì, Ṣadé, ọmọbìnrin kékeré tí ìyá rẹ̀ ra lára ẹja náà, bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ọsibítù ni wọ́n gbé e lọ. Kò pẹ́ tí gbogbo etí omi fi ń sọ pé ẹja Ìyá Bùnmi ló fà á. Oníbàárà sá. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan ẹja kó ààrò tiwọn jìnnà.

Ìyá Bùnmi gbé nǹkan rírọ̀ inú àwọ̀n náà wá bá mi nínú ike. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, wọn ò mu omi tí mo gbé fún wọn.

“Ìwọ lo ń bá wọn wo ẹran omi níbi iṣẹ́ rẹ. Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé májèlé ni mo fún ọmọ ọlọ́mọ jẹ?”

Ìyá mi, mo gbé ike náà lọ sí ibi iṣẹ́ mi. Ọ̀gá mi ní yàrá àyẹ̀wò kìlọ̀ fún mi pé irú ìgbín òkun aláìníkarahun yìí pọ̀, pé àwọn kan lóró gan-an, pé n kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan títí a ó fi mọ èyí tó jẹ́. Ohun méjì nà sókè lórí rẹ̀ bí etí ehoro, ìdí nìyẹn tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní ehoro òkun. Ṣùgbọ́n ehoro òkun náà kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. A kọ́kọ́ rò pé èyí tó dúdú tí etí ara rẹ̀ pọ́n ni. Kò bá a mu. Ìgbà tí mo ṣan ara rẹ̀ ni mo rí òrùka dúdú káàkiri ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀gá mi fi fọ́tò ránṣẹ́ sí onímọ̀ kan ní Gánà, ohun kan náà lòun náà sọ: ehoro òkun olórùka ni. Ó ń tú omi yẹn láti fi lé ohun tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni. Ẹja tí a ti fọ̀, tí a sì ti yan, kò lè tìtorí rẹ̀ ṣe ọmọ báyìí. Ká tó débẹ̀, àwọn ọmọ mìíràn nílé Ṣadé, tí wọn ò jẹ ẹja rárá, ti ń bì. Dókítà ní omi kànga wọn ni.

Mo lọ sí Ìlàjẹ, mo ṣàlàyé. Àwọn kan gbọ́. Ọkùnrin kan bi mí pé ṣebí ilé Ìyá Bùnmi ni mo ti ń jẹun. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé àlejò ṣì ni mí níbí. Mo sunkún délé.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá Ṣadé mú ọmọ rẹ̀ wá sí ìdí àtẹ Ìyá Bùnmi. Ara ọmọ ti yá. Ọmọ náà nawọ́ sí ẹja. Ìyá Bùnmi sún kúrò nídìí àtẹ, wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

“Ìwọ ìyá rẹ̀, fọwọ́ ara rẹ mú un fún un.”

Ìyá mi, ẹ fi Ìyá Bùnmi sínú àdúrà yín. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí ohun tí yóò mú yín bẹ̀rù ọwọ́ ara yín. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni Ráfíátù, ọmọ yín.