Ẹ Gún Mi Kí Ẹ Tó Kí Mi

                                        Yàrá ìsàlẹ̀, ilé wa,
                                        Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Baba Onísirò,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ojú tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Mo sáré kí ọ ni o, torí nílé wa báyìí, ìkíni ti di ẹ̀ṣẹ̀.

O mọ̀ pé orúnkún ìyá àwọn ọmọ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn oníṣègùn ní ìrọ̀rí tó wà láàrin egungun ibẹ̀ ti jẹ tán. Wọ́n fa sẹ́ẹ̀lì láti inú egungun ìbàdí rẹ̀, wọ́n tọ́jú wọn nínú ìgò títí wọ́n fi pọ̀ sí i, kí wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ gbé wọn sí orúnkún, kí wọ́n wá hun ìrọ̀rí tuntun níbẹ̀. Ohun ẹlẹ́mìí ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti jáde nínú kúlà, wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ pé, ìgò jáde. Dókítà àgbà kó àlejò wọlé láti wá wo iṣẹ́ náà, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ipò wọn ṣe ga sí, ó sì tún fi ìtàn ìmọ̀ ìṣègùn lé e láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Èmi tí mo fi ọ̀rọ̀ sísọ jẹun láyé mi, oorun gbé mi lọ. Kó tó dé "ní àkótán", ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ti kú. Wọ́n ní àwọn lè tún un fà lẹ́ẹ̀kan péré. Egungun àgbà kì í ṣe kànga. Ìyàwó mi ní òun ò lọ mọ́. "Wọ́n fi gírámà pa wọ́n, Tíṣà. Èwo ni kí wọ́n wá fi pa èmi?" Mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi ro mí.

Ó gbà, ó lọ, wọ́n sì tún un fà. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ìgò tún jáde. Dókítà àgbà tún táì ṣe, ó la ẹnu. Ìyàwó mi nawọ́ sókè bí ọmọ kíláàsì: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gún mi kí ẹ tó kí mi." Nọ́ọ̀sì kọjú sí ògiri, ẹ̀rín ń gbọn èjìká rẹ̀. Dókítà pa ẹnu dé, ó mú abẹ́rẹ́.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì ti wà nínú orúnkún. Bóyá wọ́n á mú, bóyá wọn ò ní mú, dókítà fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Ìyàwó mi ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Èmi ni mò ń sè, èmi ni mò ń gbálẹ̀, èmi ni mò ń gbé e. Ẹ̀yìn mi ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìfẹ̀yìntì kejì.

Àmọ́ láràárọ̀, bó bá rò pé mo ṣì ń sùn, ó máa ń gbọ́wọ́ lé orúnkún náà: "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ." Màá dijú pa. Ìkíni yẹn, mi ò jẹ́ dá a dúró.

Bá mi kí ará ilé rẹ. Ìyàwó mi ti ń pè mí.

Tìrẹ náà ni mo jẹ́, bó ti wù kó rẹ̀ mí tó,

Tíṣà Ṣọ́ọ̀kì