Irọ́ tí mo pa fún Rísíkà

Ọjọ́bọ̀, Rantya.

Ojú ń tì mí láti ọ̀sán. Ní ìpàdé, Rísíkà, àbúrò wa ní ọ́fíìsì, ní ká pa irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo fọwọ́ ara mi kọ tì, ká fi òmíràn tí àwọn èèyàn jọ kọ, tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì oníbàárà wa ní Bukuru.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni. Mo tún ní, "Àwọn tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́." Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Rísíkà kàn fi Haúsá sọ pé ó tán, "To, shikenan," ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé.

Ẹ̀yìn ìpàdé ni mo tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dáa ju tèmi lọ fíìfíì. Mo wá rí orúkọ Rísíkà láàárín àwọn tó kọ ọ́.

Mo sáré bá a níbi tó ti ń dúró de mọ́tò. "Má bínú. Irọ́ ni mo pa. Ká lò ó."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn lẹ ti sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn."

Òótọ́ ni. N kò tíì mọ bí n ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lójú wọn lọ́la.