Irúgbìn Tó Wà Nínú Fíríìjì Mi

Èmi, Dorcas Adéṣọlá Àyànlọ́wọ̀, ará Ìlaré ní Ilé-Ifẹ̀, tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ní yunifásítì, ni mo ṣe ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, kò sì sí ẹni tó fipá mú mi. Lọ́yà Tìmílẹ́hìn Abógúnrìn ni mo yàn láti mú un ṣẹ.

1. Ilé mi ní Ìlaré, mo fún Ìbùkúnọlá, ọmọ mi kan ṣoṣo.

2. Ewúrẹ́ méjì tó wà ní Ìpetumodù, mo fún Àjàgbé àbúrò mi. Mo mọ̀ pé yóò pa wọ́n jẹ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

3. Máíkírósíkóòpù tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, Ìbùkúnọlá ló ni ín. Bí a bá gé ewé, kálísíọ̀mù, èròjà kan náà tó ń mú egungun wa le, a ya wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ìyẹn ni ewéko fi ń ránṣẹ́ sí àwọn ewé rẹ̀ yòókù pé wọ́n ti ṣe òun léṣe. Irúgbìn kan wá sọ́dọ̀ wa láti òkè òkun, tó jẹ́ pé bó bá hù, ibi tí kálísíọ̀mù bá gbà nínú ewé rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni yóò máa tàn níbẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i ní yàrá wa, lọ́dún 2016. Mo pariwo pe Kíkẹ́lọmọ Ọ̀ṣúndáre, ọ̀rẹ́ mi láti ilé ìwé girama, tó jẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka wa. Ó tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fojú sí i, kò sì bi mí ní ohun tí mo rí títí dòní. Orúkọ tirẹ̀ ló ṣíwájú nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ nípa rẹ̀. Tèmi wà nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́, lẹ́yìn ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe! Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi í joyè Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ní ibà ń ṣe mí. Irọ́ ni. Owú ló ń jẹ mí, ó sì ń jẹ mí di ìsinsìnyí.

4. Irúgbìn yẹn ńkọ́? Òjò wọ kọ́bọ́ọ̀dù Kíkẹ́lọmọ, tirẹ̀ bu tán, ẹni tó fún wa sì ti kú. Ó bi mí bóyá tèmi kù. Mo ní kò kù. Ó wà nínú agolo Bọ̀nbítà nínú fíríìjì mi, lẹ́yìn ẹ̀gúsí, ọdọọdún ni mo sì ń gbin díẹ̀ kó má baà kú.

Ìbùkúnọlá, ìwọ tí o ń kàwé lábẹ́ Kíkẹ́lọmọ, tí o ń pè é ní Mọ́mì lójú mi, ọdún méjì ni iṣẹ́ rẹ ti dúró nítorí irúgbìn yìí. O sunkún nípa rẹ̀ ní pálọ̀ mi, mo sì panu mọ́. Má bínú. Mo gbé agolo náà dé ẹnu ọ̀nà ilé Kíkẹ́lọmọ lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé e padà.

Irúgbìn náà, mo fún ẹ̀yin méjèèjì, ìwọ àti Kíkẹ́lọmọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ gé ewé rẹ̀, Ìbùkúnọlá ni kó kọ́kọ́ wò ó. Kí Kíkẹ́lọmọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kó bi í ní ohun tó rí, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Lọ́yà ní kí n yọ èyí kúrò, pé kò sí kóòtù tó lè fipá mú ẹnikẹ́ni bèèrè nǹkan. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìfọwọ́sí: D. A. Àyànlọ́wọ̀
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta, ọdún 2025

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Rasheedat Muhyideen, Ìlaré
Fúnṣọ́ Adérẹ̀mí, Òkè-Ogbó