Ọ̀gágun Ayé Ogun àti Alága Àdúgbò Wa

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mo fojú jọ,

Ọ̀gágun yín kò tíì sinmi o. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí mo mọ̀ pé òun lẹ máa béèrè kí ẹ tó béèrè Màmá pàápàá. Olórí ìjọba ayé ogun abẹ́lé, ẹni tí ẹ fi ń parí gbogbo ìjà ilé wa. Bí èmi àti Bọ̀dá bá ń jà nítorí ẹran, ẹ ó yí rédíò sílẹ̀, ẹ ó ní ẹni tó jagun ṣì gba àwọn tó bá a jà mọ́ra, kí wá ni ti ègé ẹran kan? Lẹ́yìn náà ni ẹ ó jẹ ẹran ọ̀hún fúnra yín, kí àlàáfíà lè jọba.

Ẹ ò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ tó báyìí. Pásítọ̀ wa fi ṣe ìwàásù ìdáríjì. Olóṣèlú kan lórí rédíò ní òun yóò le koko bí i tirẹ̀. Èkejì, nínú ètò kan náà, ní òun yóò rọ̀ bí i tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ ọ́ sínú ìdánwò pé òun ló kọ́ gbogbo afárá tó wà lórí odò Ọ̀ṣun. Mo fún un ní òdo, mo sì kọ àlàyé gígùn sí etí ìwé rẹ̀. Ọlọ́kadà tó gbé mi lọ sí yunifásítì ní ká ní Ọ̀gágun ló ṣì wà níbẹ̀ ni, kòtò kan kò ní sí lójú títì. Mo bi í pé ọdún wo ni wọ́n bí i. Ó ní kí n di òun mú dáadáa.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni. Ìjọba yẹn ni mo fi gboyè ọ̀mọ̀wé, òun náà ni mo sì fi ń jẹun. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń pè é kò pe ìjọba rẹ̀ rárá. Ìgbà tí orúnkún wọn ò tíì máa dùn wọ́n ni wọ́n ń pè. Àwọn ọ̀dọ́ sì ń pe ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà. Ṣé bó ṣe rí lára tiyín náà nìyẹn, Bàbá?

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an ni ti Bàbá Délé, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ kọ́ṣẹ́ bíríkìlà. Láti ìgbà tí ẹ ti fi ayé sílẹ̀, ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá kí wọ́n má yà sílé wa, kí wọ́n jókòó ti Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn nìkan ló kù tó mọ̀ yín kí ẹ tó di bàbá ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó dé ìgbà kan tí wọ́n ń kọjá láìkí wa, èmi ni wọ́n sì ń bá bínú.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Bàbá Délé ni alága àwọn onílé àdúgbò wa. Ìgbà wọn pé, wọ́n kọ̀, wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Ní ìpàdé, Ìyá Bọ́lá aránṣọ, tó jẹ́ akọ̀wé wa, dìde béèrè ọjọ́ ìdìbò. Bàbá Délé na ìka sókè.

“Ẹ má kán mi lójú! Nígbà tí ogun parí, ṣé Ọ̀gágun sáré gbé ìjọba sílẹ̀? Iṣẹ́ kù nílẹ̀. Èmi náà, iṣẹ́ kù!”

“Ogun wo lẹ jà, Alága?” ni Ìyá Bọ́lá wí. “Ti gọ́tà ni àbí ti transfọ́mà?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Inú bí Bàbá Délé, wọ́n bá kọjú sí mi. “Dókítà wa nìyí, ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Sọ fún wọn. Ṣé ó tètè gbé e sílẹ̀?”

“Rárá o, sà,” ni mo dáhùn.

“Ẹ gbọ́! Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀!”

Bàbá, ibẹ̀ ló yẹ kí n jókòó. Ṣùgbọ́n ìdajì ìtàn burú ju irọ́ lọ lójú èmi. Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀, sà.” Mo ṣàlàyé fún wọn, pẹ̀lú sùúrù, pé ó ti ṣèlérí ìgbà tí yóò gbé ìjọba fún àwọn alágbádá, pé ó tún ní ìgbà náà kò ṣeé ṣe mọ́, pé inú bí àwọn ènìyàn, pé ó rìnrìn-àjò lọ sí ìpàdé àwọn olórí orílẹ̀-èdè nílẹ̀ òkèèrè, àti pé ibẹ̀ ló wà tí àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ fi gbàjọba.

“Ṣé ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀?” ni Ìyá Bọ́lá béèrè.

“Rárá, mà.”

“Nígbà tó rìnrìn-àjò?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ìyá Bọ́lá mi orí díẹ̀díẹ̀. Inú mi dùn. Mo rò pé ìtàn ló wù wọ́n.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Bàbá Délé lọ sọ ọmọ àbúrò wọn lórúkọ ní ìlú Awo, wọ́n sì sùn síbẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ohùn Ìyá Bọ́lá fi dé sórí Wasáàpù àdúgbò. Ọkọ wọn kọ́kọ́ fi ẹnu súfèé orin ológun, Ìyá Bọ́lá wá bẹ̀rẹ̀: “Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ fọkàn balẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ géètì ti wà lọ́wọ́ wa. Kí oníkálukú máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò ta sílẹ̀.” Bàbá Délé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì láti Awo. Ìyá Bọ́lá yọ wọ́n kúrò nínú ẹgbẹ́ orí fóònù náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ tán.

Nígbà tí Bàbá Délé dé, àgádágodo tuntun ló wà lẹ́nu géètì. Mẹ́gáàdì yọjú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Ẹ káàbọ̀ sà, Alága àná.”

Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n ní, “Ṣé dandan ni kó o parí ìtàn náà?” Mo lọ bẹ Bàbá Délé nílé wọn; wọ́n ní kí ará ilé wọn sọ fún mi pé àwọn ò sí nílé. Ohùn ara wọn ni mo gbọ́ tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ilé wa wá dákẹ́. Màmá á gbé àga síta fún wọn, wọ́n á tún gbé e wọlé. Ta ni yóò máa sọ tiyín fún wa, Bàbá?

Ní ọ̀sán Sátidé tó kọjá, Bàbá Délé yọ sí wa. Wọn ò jókòó. Wọn ò kí mi.

“Ẹni tí wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn,” ni wọ́n wí, “kí ló wá ṣe lẹ́yìn náà?”

“Ó padà sílé ẹ̀kọ́, sà. Ó wọ yunifásítì lókè òkun. Ó ń tò pẹ̀lú àwọn ọmọdé láti gba oúnjẹ, ó sì ń gbé àwo rẹ̀ fúnra rẹ̀.”

“Olórí ìjọba? Ó gbé àwo?”

“Ó gbé e, sà.”

Wọ́n ronú sí i. “Ṣé wọ́n ń bu ẹran fún un dáadáa?”

Mo ní ìyẹn kò sí nínú ìwé tí mo kà. Mo ní ó padà sílé nígbẹ̀yìn, àti pé títí dòní, bí ìlú bá dàrú, wọ́n á ní kó wá gbàdúrà.

“Láìjẹ́ pé ó wà lórí oyè?”

“Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, sà.”

Wọ́n bá jókòó. Màmá ti gbé ẹ̀bà síwájú wọn kí n tó mí kanlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti jẹ díẹ̀, wọ́n bojú wò mí. “Ìwọ tó o mọ̀tàn yìí, ṣé bàbá ẹ sọ fún ẹ pé èmi àti òun fẹ́ lọ wọṣẹ́ ológun Ọ̀gágun l'Óṣogbo nígbà ogun?”

Ohun tí ẹ sọ fún wa ni pé iṣẹ́ bíríkìlà ni kò jẹ́ kí ẹ lọ sógun.

“Irọ́ ló pa. Sájẹ́ǹtì pariwo mọ́ ọn pé kó dúró ṣánṣán. Ó bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó dákẹ́, ẹ̀rín tún pọ̀ sí i. Bó ṣe ràn mí nìyẹn. Wọ́n lé àwa méjèèjì bí ẹni lé ewúrẹ́. A rìn, a rẹ́rìn-ín títí a fi dé Ẹdẹ.”

Ṣé òótọ́ ni, Bàbá? Kò sí ìwé kankan tí mo lè yẹ̀ wò. Mo wojú Màmá. Wọ́n ti fi etí ìró nu ojú. Wọ́n ní irọ́ ni, irọ́ pátápátá, kí Bàbá Délé tún un sọ.

Èmi ni, ọmọ yín tí kì í mọ ibi tó yẹ kó ti dákẹ́, tí àárò yín sì ń sọ lójoojúmọ́.