Iná Tí Mo Ṣèlérí fún Nọ́ọ̀sì

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ara mi le, mò ń jẹun dáadáa, yàrá tí wọ́n fún mi sì ní fèrèsé méjì.

Ẹ béèrè bóyá iná átọ́míìkì tí à ń kọ́ ilé rẹ̀ níbí lè tó gbogbo ayé lò lọ́jọ́ iwájú. Iná gidi ni, Màámi. Ẹ̀kúnwọ́ ohun tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju èédú ọkọ̀ akẹ́rù rẹpẹtẹ lọ. Ṣùgbọ́n kíkọ́ rẹ̀ ń fẹ́ sùúrù. Jẹnẹrétọ̀ làwa fúnra wa ṣì ń tàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Lánàá, ọ̀gá mi ní kí n bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kan dìde, ó ní, "Ẹnjiníà, ṣé iná yín á dé lọ́dún tó ń bọ̀? A fẹ́ ra sólà sí ilé ìgbẹ̀bí wa ni."

Mo mọ̀ pé ó ku ọdún mẹ́wàá, bó bá yá. Ọ̀gá mi ń wò mí. Mo ní, "Á dé, mà."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. "Ọlọ́run á bù kún ẹ, ọmọ mi. A ò ní rà á mọ́ nìyẹn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá wọlẹ̀. Mo máa lọ sọ òótọ́ fún un bí iṣẹ́ bá dínkù. Iṣẹ́ pọ̀ gan-an ni.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, ṣùgbọ́n ẹ fo ibi tí nọ́ọ̀sì ti ṣàdúrà fún mi. Wọ́n á fẹ́ ṣe àmín.