Wọ́n Ní Kí N Bọ́ Kúrò Nínú Fọ́tò Kòkó Mi

Màámi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ oko kí yín. Kí Bùọ̀dá Láyí ka lẹ́tà yìí sókè, kí gbogbo agboolé gbọ́.

Ara mi le. Òjò ló ń dà wá láàmú ní oko kòkó wa ní Ajue. Ìyá Òkèhò ni wọ́n ń pè mí níbí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Àṣàkẹ́ ni mí. Ìyẹn ò dùn mí tó ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ra kòkó wa rán ọ̀gbẹ́ni kan wá láti Orè. Wọ́n ní àgbẹ̀ tí fọ́tò rẹ̀ kò bá sí nínú áàpù orí fóònù àwọn, àwọn ò ní ra kòkó rẹ̀ mọ́. Fọ́tò àtijọ́ ò wúlò. Àfi kí wọ́n fi fóònù yà á lójú ẹsẹ̀, nínú oko gan-an. Mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi. Bí mo ṣe dúró nídìí igi báyìí ni ọmọ onílẹ̀ tí a gba oko lọ́wọ́ rẹ̀ dé, ó ní ilẹ̀ bàbá òun ni, ojú òun ló yẹ kó wà níbẹ̀. Màámi, ọkùnrin yìí ò gbin ẹyọ kan rí! Èmi àti ọkọ mi tó ti di olóògbé la fi orí ru ọmọ kòkó yẹn wọgbó. Ọ̀gbẹ́ni ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí òun lè ya ọmọ onílẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ló bá na agboòrùn sí mi, pé kí n dì í mú sórí fóònù kí omi má bà á jẹ́.

Mo sì dì í mú. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ìgbà tó ní kí n gbé e sókè díẹ̀ sí i ni mo pa á dé, mo jù ú sílẹ̀, mo ní ẹni tó bá ni kòkó ni kó gba òjò. Omi bo ojú fóònù, fọ́tò ṣú, áàpù ò gbà á. Wọ́n bú mi ní àjèjì.

Mo lọ bá onílẹ̀ fúnra rẹ̀. Arúgbó ni, ọmọ Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé. Ó ní òun ló nilẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ò gbin igi kan níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ yà mí.

Wọ́n padà wá, wọ́n yà mí, àmọ́ inú mi ò rọ̀. Ìyá Ṣakí tó wà lóko kejì ò rí irú onílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ẹlòmíràn ló wà lórí kòkó tirẹ̀ báyìí. Ṣé àfi kí onílẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lè rí wa ni?

Ọ̀gbẹ́ni ní kí n rẹ́rìn-ín sí fóònù. Mo kọ̀. Bí fọ́tò náà bá dé ọwọ́ yín, ẹ má rò pé àìsàn ń ṣe mí. Inú ló ń bí mi, mo sì fẹ́ kí wọ́n máa rí i nígbàkígbà tí wọ́n bá ń ra kòkó mi.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí ẹni tó béèrè mi, ẹ kí ẹni tí kò béèrè pẹ̀lú.

Èmi ni ọmọ yín,
Àṣàkẹ́